Ọ̀bẹ Ilé àti Ọ̀bẹ Òkèèrè: Àtúnyẹ̀wò Ìdájọ́ Samuel Johnson

Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ní 1897. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, ló tún un tò kí ó tó jáde ní 1921. Nínú rẹ̀ ni ìdájọ́ kan wà lórí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tí ó yẹ kí a tún gbé yẹ̀ wò. Ó ní kí òyìnbó tó dé, àwọn alágbẹ̀dẹ wa ló ń rọ gbogbo ohun èlò onírin, láti orí ohun ìjà dé orí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà òkèèrè, pàápàá ọ̀bẹ, ń lé ti ilé kúrò lọ́jà nítorí pé ó dínwó, iṣẹ́ rẹ̀ sì dán, bí kò tilẹ̀ tọ́jọ́ tó ti ilé.

Kí ni a ń pè ní títọ́jọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀bẹ kì í tètè kú, pé kì í dípẹtà, tàbí pé ó ṣeé tún ṣe. Òdiwọ̀n mẹ́ta yìí ni a ó lò.

Ní ti mímú, ibi tí a ti rọ ọ̀bẹ kọ́ ló ń sọ ọ́ di mímú bí kò ṣe èròjà irin àti ọgbọ́n iná. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ń lò lónìí. Èròjà carbon inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì tó fún ọ̀bẹ gidi, bí alágbẹ̀dẹ bá mọ àwọ̀ iná tí yóò rí kí ó tó rì í bọ omi tàbí epo. Bí ó bá le jù, yóò kán. Bí ó bá rọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ yóò tẹ̀. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ borí ọ̀bẹ dídán olówó pọ́ọ́kú tí irin rẹ̀ rọ̀. Kò dandan kí ó borí ọ̀bẹ àtàtà láti Solingen ní Jámánì tàbí Thiers ní Faransé. Ọ̀bẹ méjì láti inú àgbẹ̀dẹ kan náà pàápàá lè máà bára dọ́gba.

Ní ti ìpẹtà, òkèèrè ló borí. Irin tí kì í tètè dípẹtà, tí chromium inú rẹ̀ kò dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni Harry Brearley ṣe ní Sheffield ní 1913. Johnson ti kú ní 1901. Kò rí irú ọ̀bẹ yìí rárá. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ òkèèrè ni ó rí bẹ́ẹ̀: Opinel, ọ̀bẹ àpò tí a bẹ̀rẹ̀ ní Savoie ní 1890, ní oríṣi tó ń dípẹtà títí di òní.

Ní ti àtúnṣe, alágbẹ̀dẹ wà nítòsí: bí èèkù bá yọ, a ó dá ọ̀bẹ náà padà fún un. Ọ̀bẹ àpò tó ń ká sínú èèkù rẹ̀ ni ìṣòro wà. Oríkèé rẹ̀ kò gbọdọ̀ mì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò gé ọwọ́ ẹni tó mú un; ní 1955 ni Opinel fi òrùka ìdènà sí tirẹ̀. Ẹ̀rọ rọrùn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ọmọ owú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn: àkọ̀ ni wọ́n fi ń bo ẹnu ọ̀bẹ.

Àṣìṣe tiwa ni pé a ń ka ìdájọ́ Johnson bí ẹni pé ọ̀bẹ ilé kò yí padà. Ní 1904, C. V. Bellamy ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin nítòsí Ọ̀yọ́. Irin ilẹ̀ wa nìyẹn. Sípíríǹgì tòní bá ọkọ̀ wọlé ni. Ọgbọ́n ọwọ́ nìkan ló kù tí í ṣe tilé, òun gan-an ló sì wà nínú ewu, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn: ẹwìrì, ẹ̀mú, ọmọ owú, èèkù, àkọ̀. Ẹ wo abẹ: ọ̀bẹ ìfárí tí a ń pọ́n léraléra ni tẹ́lẹ̀, lónìí, ohun pẹlẹbẹ tí a ń sọ nù bí ó bá kú ló gba orúkọ náà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ èdè mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àgbẹ̀dẹ, kí wọ́n dán ẹnu ọ̀bẹ wò kí wọ́n tó yìn ín. Bí a bá fi dídán nìkan yan ọ̀bẹ, a dà bí ọ̀bẹ tó ń wó ilé ara rẹ̀, tó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.