Iṣẹ́ Kámẹ́rà Inú Mami Wata

Ìtàn ni ẹni tó ń sanwó sinimá ní Lekki tàbí Ajah ń wá, Mami Wata (2023), fíìmù tí C.J. Obasi darí, kò sì fún un tó: ọkùnrin kan, Jasper, jáde látinú òkun, ó gbàjọba, a ò mọ inú rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Lílis Soares, ọmọ Bùràsíìlì tó di kámẹ́rà mú. Dúdú àti funfun nìkan ló lò. Òru ṣú biribiri, síbẹ̀ ọ̀dà funfun ojú àti owó ẹyọ orí irun ń tàn yanran, awọ dúdú náà sì ń dán. Ẹ̀ṣọ́ lásán kọ́: ojú tí a kùn yẹn là ń kà nígbà tí ẹnu bá dákẹ́. Àmì-ẹ̀yẹ tí Soares gbà níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance tọ́ sí i. Ẹ lọ wo fíìmù náà. Ẹ má kàn retí àlọ́.