Ọkọ̀ Wíwọ́ Tó Ń Lọ Tààrà

Ìyá Tósìn ló kọ́kọ́ rí i. A dúró lórí afárá kékeré kan ní Venice, láàárín àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò, ló bá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá Tósìn, ẹ wo ọkọ̀ yẹn dáadáa. Ó wọ́." Mo ní bóyá bí omi ṣe ń gbé e ni. Ó ní rárá o, òun kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi; etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, òun mọ ọkọ̀ tó gún, òun sì mọ èyí tí kò gún.

Òótọ́ ló sọ. Gọ́ńdólà, bí wọ́n ṣe ń pe ọkọ̀ náà, wọ́, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kàn án bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá fa okùn láti imú rẹ̀ dé ìdí, ẹ̀gbẹ́ òsì á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 24 fẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 11, ó wúwo ju 300 kílò lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń fi àjẹ̀ kan ṣoṣo tù ú. Ìdí ọkọ̀ níbẹ̀ ni atukọ̀ ń dúró sí, ní apá òsì, àjẹ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀tún, kì í sì í gbé e bọ́ sí òdìkejì. Kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ń fi àjẹ̀ wa omi ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá: ojú kan ni yóò ti máa pòòyì. Ṣùgbọ́n bí àjẹ̀ ṣe ń ti orí gọ́ńdólà sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni wíwọ́ rẹ̀ ń fà á padà sí ọ̀tún. Wọ́n ń bára wọn jà, ọkọ̀ sì ń lọ tààrà. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ọ̀nà yìí tó rí bó ṣe rí lónìí, Domenico Tramontin tó dá ibi ìkànkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1884 ni wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí San Trovaso, níbi tí wọ́n ti ń tún gọ́ńdólà ṣe láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Òdìkejì omi la dúró sí. Ilé onípákó ni, ó dà bí ilé àwọn ará òkè, nítorí pé àwọn òkè Cadore ni igi ti ń wá, ọ̀pọ̀ káfíńtà sì bá igi wá. Wọ́n ti da ọkọ̀ méjì dojú dé. Ọkùnrin kan ń ha ewé omi tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀kan, kò kánjú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ òsì tẹ̀ lé ibi tí ọwọ́ ọ̀tún bá ti ha. Ìyá Tósìn ní bí àwọn agbẹ́kọ̀ ilé àwọn ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Ṣùgbọ́n ìtì igi kan ni wọ́n ń gbẹ́ sí ọkọ̀ ọpọ́n. Ti ibí, ègé igi 280 ni, láti ara oríṣi igi mẹ́jọ. Àwọ̀ dúdú tí gbogbo wọn ń kùn, òfin ló kọ́kọ́ kó wọn sí i, nígbà tí ìjọba fẹ́ dẹ́kun ṣekárími àwọn olówó tó ń fi gọ́ńdólà yangàn.

Yúrò méjì péré la fi sọdá Odò Ńlá tó la Venice já, nínú ọkọ̀ àwọn tó ń kọjá lásán. Gọ́ńdólà fúnra rẹ̀, nígbà tí a lọ, yúrò 90 ni fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìyá Tósìn ní, "Ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà ná." Mi ò ṣírò o. Mo sanwó.

Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí nínú ètò yìí ni pé iwájú ni wọ́n ní kí oníbàárà kọjú sí. Ẹni tó dúró lórí afárá, tí kò san kọ́bọ̀, ló ń rí iṣẹ́. Ẹni tó sanwó kọ̀yìn sí i. Ìyàwó mi ò gbà. Ó yí ara rẹ̀ padà lórí àga, ó gbójú sókè wo ọkùnrin náà bí ẹni ń wo onídán, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín. Mo yíjú padà pẹ̀lú.

Àjẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Orí igi gbígbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní fórcola ló kàn fara tì, igi wọ́núùtù tó lọ́ bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ká apá. Kò sí ibi tó tẹ́jú lára rẹ̀. Ibi kan wà tí àjẹ̀ ń gbé bí ọkọ̀ bá ń sáré, ibòmíràn wà fún bíbẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ibòmíràn fún fífà sẹ́yìn. Agbẹ́fórcola, tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti akànkọ̀, máa ń wo gíga atukọ̀ àti bó ṣe ń dúró kó tó gbẹ́ tirẹ̀ fún un. Bí ọkùnrin wa ṣe ti àjẹ̀ síwájú tán, kò gbé e kúrò nínú omi. Ó fi ọrùn ọwọ́ yí i díẹ̀, ó jẹ́ kó máa yọ̀ bọ̀ padà lábẹ́ omi, ibi ìpadàbọ̀ yẹn gan-an ló ti ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Mo ti rò pé títì ni iṣẹ́.

Ní kọ̀rọ̀ kan tí ògiri dí lójú, ó ké pé "Oè!", ó dẹtí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tẹ̀ba lábẹ́ afárá láìdá ọwọ́ dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ògiri, ó tì í bí ẹni ti ilẹ̀kùn, gbogbo mítà 11 náà sì ṣẹ́ kọ̀rọ̀. Ìyá Tósìn na ọwọ́ síta láti wọn àlàfo tó kù. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Tósìn nawọ́ sí fórcola, ó ń fi ọwọ́ bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin náà fà á yọ nínú ihò rẹ̀, ó gbé e fún un. Àwọn tó kàn ti ń tò lẹ́yìn wa. Ìyàwó mi fi àtàǹpàkò wá ibi tí àjẹ̀ ti jẹ ẹ́, títí ó fi rí i, kò sì tètè gbé e sílẹ̀.