Ara Ló Ń Wọ Kọ́nà

Ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ kì í tètè fi ẹni tó mọ ọ̀kadà gùn hàn. Ẹni tó kọ́ ọ lánàá lè jókòó lé e, kó ki jíà, kó fa tórótù, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ láti Agbára dé Àgbádárìgì. Ibi tí ọ̀nà bá ti wọ́ ni à ń dá ọ̀gá mọ̀. Iṣẹ́ ọ̀kadà ni mò ń ṣe ní Àgbádárìgì níbí, èmi náà ni mo sì ń kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń wọ iṣẹ́ náà ní gáréèjì wa. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ní, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú tó ìgbà tí mo bá wọ kọ́nà, tí ara mi, ara èrò tó wà lẹ́yìn mi àti ọ̀kadà fúnra rẹ̀ jọ fì sí apá kan náà, tí gbogbo wa sì jọ nàró padà láìsí ìjà láàárín wa.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ iṣẹ́ ni pé ta ló wúwo jù níbẹ̀. Bajaj Boxer 100 tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn kò ju kí ó fi díẹ̀ lé ní 100 kílò lọ. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ti ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bí ìyá ọlọ́jà kan bá wá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀, àwa tí a wà lórí ọ̀kadà ti wúwo ju ọ̀kadà tó gbé wa lọ. Ẹni tó bá ń rò pé apá méjèèjì nìkan lòun fi ń darí rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó jókòó lé. Ibi tí ara wa bá wà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà wà.

Kí ló tiẹ̀ dé tí a fi ń fì? Ohun tó bá ti ń sáré, iwájú gan-an ló fẹ́ máa lọ. Táyà ló ń fà á wọnú kọ́nà láti ìsàlẹ̀, níbi tó ti di títì mú. Òkè, níbi tí àyà àti orí wa wà, ṣì fẹ́ máa lọ sí ọ̀kánkán. Bí a kò bá fì sínú, yóò dà wá síta. Bí eré bá sì ṣe pọ̀ tó la ó ṣe fì tó, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan sí ọ̀kan. Kọ́nà tí a bá fi eré 20 kílómítà ní wákàtí wọ̀ lónìí, tí a wá fi 40 wọ̀ lọ́la, agbára tí táyà máa fi di ilẹ̀ mú á di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká mú kọ́nà tó jẹ́ pé mítà 25 ló wà láti àárín ìyípo rẹ̀ sí ibi tí táyà ń gbà. Bí a bá fi 20 wọ̀ ọ́, nǹkan bíi digírì 7 la máa fì, èrò ẹ̀yìn lè má tiẹ̀ mọ̀. Bí a bá fi 40 wọ̀ ọ́, yóò tó digírì 27, kò sì sí èrò tí kò ní di ọlọ́kadà mú ṣinṣin nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé eré díẹ̀ tí wọ́n bá fi kún un lójú títì kì í ṣe díẹ̀ mọ́ nínú kọ́nà.

Ojú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kí ọ̀kadà tó yà, kí àgbọ̀n ọmọ náà ti kọjú síbi tí a fẹ́ jáde sí. Bí àgbọ̀n bá yí, èjìká á tẹ̀ lé e, ìbàdí á tẹ̀ lé èjìká, ọ̀kadà á sì tẹ̀ lé ìbàdí. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò náà ló ń lọ. Ẹni tó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dúró, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló ń forí lé. Mo ti rí ọmọ tó lágbára, tó gbọ́n, tó sì tún ọ̀kadà ṣe dáadáa, àmọ́ tí kò lè wọ kọ́nà rárá, kìkì nítorí pé táyà iwájú ló ń wò.

Lẹ́yìn ojú ni bíréèkì. Dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì Boxer 100, níwájú àti lẹ́yìn. Kì í mú wàrà bíi ti dísíìkì, nítorí náà ó yẹ ká tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀kadà ṣì nàró ni kí a ti dín eré kù, kí a ti jù ú sí jíà tó yẹ, kí a sì tú bíréèkì sílẹ̀ kó tó di pé a fì. Bí táyà ṣe lè di ilẹ̀ mú ní òṣùwọ̀n: ó lè fi í dúró, ó sì lè fi í yà, ṣùgbọ́n kò lè ná gbogbo rẹ̀ sórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú kọ́nà gan-an, tórótù kékeré tí kò lọ tí kò bọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Ìró ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ọmọ náà balẹ̀. Bó bá ń pariwo, tó ń dákẹ́, tó tún ń pariwo, ẹ̀rù ń bà á.

Wàyí o, ìjókòó. Púpọ̀ nínú àwa ọlọ́kadà la máa ń la orúnkún sílẹ̀ gbàgà, tí a na apá gan, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa sì ń wo ilẹ̀. Inú mi kì í dùn sí i. Orúnkún ni kó di táńkì epo mú, pàápàá orúnkún tó wà lápá ìta kọ́nà. Ibi tó nípọn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn àwọn ọmọ ìka, ni kó wà lórí ìtẹsẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ á tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ á sì rọ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti di ọ̀kadà mú kò ní nílò láti fi ọwọ́ so mọ́ ọn. Ọwọ́ tó bá sì rọ̀ ni táyà iwájú lè bá sọ̀rọ̀: ó ń sọ pé iyanrìn wà níbí, pé ibí ń yọ̀, pé afẹ́fẹ́ táyà ti dín kù. Ọwọ́ tó gan kì í gbọ́ nǹkan kan.

Ọwọ́ tó rọ̀ yìí ní iṣẹ́ kan tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Bí a bá ti ń sá eré díẹ̀, tí a sì fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún la máa rọra tì síwájú. Táyà iwájú á kọjú sósì fún ìdá ìṣẹ́jú àáyá kan tí ojú kò lè rí, ọ̀kadà á ṣubú wọ apá ọ̀tún, táyà náà á wá tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Gbogbo wa là ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀. Wilbur Wright, ará Amẹ́ríkà tí òun àti àbúrò rẹ̀ Orville fi ẹ̀rọ fò lójú ọ̀run ní 1903, onísòwò bàsíkùlù ni kó tó dá sí ọ̀rọ̀ bàálù. Ó bi ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun bàsíkùlù léèrè bí wọ́n ṣe ń yà sósì, kò sì rí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀tún lòun kọ́kọ́ ń yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí. Mo máa ń mú ọmọ iṣẹ́ lọ sí ibi tí títì ti ṣófo, kó máa fi ìka méjì péré ti ọwọ́ ọ̀kadà, kí ara rẹ̀ lè gbà á gbọ́.

Àmọ́ ibi tí ara máa wà kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Nínú ọjà Àgbálátà, níbi tí èrò pọ̀, tí a ń yípo padà lójú kan náà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ọ̀kadà ni yóò fì, èmi kò ní bá a fì. Màá nàró, màá tiẹ̀ gbé ara sí ìta díẹ̀, màá di kílọ́ọ̀ṣì mú ní ìdajì, màá sì fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́. Lójú títì tó gbẹ, èmi àti ọ̀kadà á wà lójú ìlà kan náà.

Òjò ló ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn láti kọ́ ènìyàn jù. Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù lọ, èyí tó rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀ẹ̀rùn ti pẹ́. Gbogbo òróró àti epo tó ti ń kán sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan ló máa léfòó sójú títì. Omi náà á tún wọ́ iyanrìn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wá sí ẹnu kọ́nà, torí pé ilẹ̀ wa níbí, iyanrìn ni. Níbẹ̀, ọ̀kadà tó bá fì jù, táyà rẹ̀ á yọ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé màá dín eré kù gan-an, màá wá gbé èjìká tó wà nínú kọ́nà sílẹ̀ àti síwájú, ìdí mi á sún díẹ̀ sí apá yẹn lórí ìjókòó. Ara mi ti fì, nítorí náà ọ̀kadà kò ní láti fì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó nàró ju bí ì bá ṣe nàró lọ, ó sì tún yà.

Èyí gan-an ni àwọn eléré ìje ọ̀kadà ń ṣe nígbà tí ẹ bá rí wọn tí orúnkún wọn ń ha ilẹ̀. Jarno Saarinen, ọmọ Finland tó gba ife àgbáyé ti 250cc ní 1972, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń gbé ara kúrò lórí ìjókòó bẹ́ẹ̀. Kenny Roberts ará Amẹ́ríkà wo ọgbọ́n yẹn, ó mú un dàgbà, ó sì gba ife 500cc ní 1978, 1979 àti 1980. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti rí fídíò eléré ìje kan, Marc Márquez, wọ́n sì fẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ ha ilẹ̀. Mo ní rárá. Títì tirẹ̀, wọ́n gbá a, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gùn ún. Tiwa, ìyangbẹ àgbọn àti ewúrẹ́ lè wà lẹ́yìn kọ́nà. Ẹni tí mo ní kí wọ́n wò ni Brad Binder, ọmọ ilẹ̀ South Africa. Ní Austria ní oṣù kẹjọ 2021, òjò dé bí ìdíje ṣe ń parí lọ. Àwọn tó wà níwájú yà lọ pààrọ̀ sí ọ̀kadà tó ní táyà òjò. Binder dúró sórí táyà pẹlẹbẹ tí kò ní ìlà kankan, ó sì gba ipò kìíní. Ẹ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rọ̀ ní àwọn kọ́nà ìkẹyìn yẹn.

Ní erékùṣù Gbèrèfú, ní òdì kejì ọ̀sà, gbogbo ohun tí mo ti sọ máa yí padà. Iyanrìn gbígbẹ ló wà lójú ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọdá sínú ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́. Bíréèkì iwájú di èèwọ̀ níbẹ̀. Ìdúró lórí ìtẹsẹ̀ ló dára, kí ìbàdí sún sẹ́yìn kí táyà iwájú lè fúyẹ́, kí a sì jẹ́ kó máa mì bó ṣe fẹ́.

Títì tó tọ́ pàápàá ní tirẹ̀. Láti Gbaji lọ sí Sẹ̀mẹ̀, apá òsì ni òkun wà, atẹ́gùn rẹ̀ sì máa ń fẹ́ lù wá lọ́sàn-án. Ẹni tó ń lọ tààrà níbẹ̀ ti ń fì díẹ̀ sósì láìmọ̀. Bí tírélà bá wá ń kọjá lára rẹ̀ lápá òsì, yóò bo atẹ́gùn náà mọ́lẹ̀ lójijì, ọ̀kadà tó ti ń fì sósì á sì máa sún lọ sí ìdí tírélà. Bí mo bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn, mo ti ń nàró, mo sì ti ń gba ọ̀tún, kó tó dé.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Torí pé ọ̀nà tààrà la ń gùn jù, tí ẹrù wa sì wúwo, àárín táyà ló máa ń jẹ, tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Irú táyà bẹ́ẹ̀ á kọ̀ láti fì, nígbà tó bá sì gbà, á ṣubú wọnú kọ́nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láàárọ̀. Owó táyà kì í ṣe owó tí à ń yọ́ ná.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní Ìkẹjà, Súrùlérè, Ẹtì-Ọ̀sà, Apápá, Lagos Island àti Lagos Mainland, wọ́n sì tún fi àwọn ibòmíràn kún un lẹ́yìn náà. Ìjàǹbá wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wa lọ́rùn. Àgbádárìgì kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà yẹn, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ra ọ̀kadà lónìí tó sì ń fi í gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ́la, láìsí ẹni tó ní kó wọ kọ́nà kan ṣoṣo kí òun wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí. Aránṣọ ń kọ́ṣẹ́, káfíńtà ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin tí à ń gbé lẹ́yìn, ẹ̀yin náà ń gun ọ̀kadà. Obìnrin tó ró ìró, tó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti fi ìwọ̀n tirẹ̀ fà wá sí apá kan kí a tó gbéra. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ la ẹsẹ̀ jókòó. Ẹ sún mọ́ wa bí ọmọ tí ìyá pọ̀n, kí ẹ sì dé akoto tí a bá nà sí yín. Bí a bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ gba orí èjìká ọ̀tún wa wo iwájú, bó bá jẹ́ òsì, ẹ gba èjìká òsì. Ara yín á bá wa fì láìjẹ́ pé ẹ gbìyànjú. Ẹ má ṣe nàró nítorí ìbẹ̀rù, ẹ má sì ṣe na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹni tó gbé yín ń sáré wọ kọ́nà kó tó máa wá bíréèkì, ẹ ní kó sọ yín kalẹ̀, kí ẹ sì wá ọlọ́kadà mìíràn.