Ọ̀fọ̀ Inú Ilé Ọba: Àwòrán Brutus àti Eré Baṣọ̀run Gáà

Ìbéèrè kan wà tí àwa olùkọ́ fẹ́ràn láti bèèrè lórí Baṣọ̀run Gáà, eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí gbé jáde ní ọdún 1972: irú ènìyàn wo ni Gáà? Akẹ́kọ̀ọ́ a dáhùn pé ìkà ni, àwa náà a sì fún un ní máàkì. Ìdáhùn yìí kò lòdì, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ọ̀fọ̀ wà nínú eré náà. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi àwòrán ìtàn kan láti ilẹ̀ Faransé ṣe òṣùwọ̀n fún ọ̀fọ̀ ọ̀hún.

Ọdún 1789 ni Jacques-Louis David gbé àwòrán yìí hàn fún aráyé. Mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris ni ó wà títí di òní. Livy, òpìtàn ará Róòmù, wà lára àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Brutus lé ọba Róòmù kúrò lórí oyè, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó di olórí ìlú. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì bá àwọn kan dìtẹ̀ láti dá ọba padà, bàbá wọn sì ní kí wọ́n pa wọ́n. Livy ròyìn bí wọ́n ṣe pa wọ́n ní gbangba. David kò ya ìyẹn. Ohun tí Livy kò sọ ni ó yà: bí wọ́n ṣe gbé òkú wọn wọlé. Brutus jókòó sínú òjìji lápá òsì, ó kẹ̀yìn sí òkú, kò wí nǹkan kan. Apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ìyá na ọwọ́ kan sí àwọn òkú, ó fi èkejì di ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó dákú mú. Obìnrin mìíràn fi aṣọ bo ojú. Agbọ̀n iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì wà lórí tábìlì, bí ẹni pé wọ́n ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ikú wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo eré Fálétí. Gáà ń wá àgbọ̀nrín tí yóò fi ṣe ètùtù. Àgbọ̀nyìn, ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún, ni ó mú, nítorí pé orúkọ ọmọ náà jọ orúkọ ẹran. Kò sí ayàwòrán tí ó lè ya èyí. Àwòrán lè fi òkú hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí a gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń pa ènìyàn. Orúkọ tí òbí fi ń kẹ́ ọmọ ni ọ̀tá fi sọ ọ́ di ẹran ìrúbọ. Èdè ni ó gbé ọ̀fọ̀ yìí ró, ìbéèrè wa sì ń fò ó dá.

Ìdákẹ́ bàbá méjèèjì kò rí bákan náà. Brutus ni ó pàṣẹ. Òfin ìlú ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi Abíọ́dún léèrè kí wọ́n tó mú ọmọ rẹ̀. Àìlágbára ni ó kọ́kọ́ pa òun lẹ́nu mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pe èyí ní ojo. Wọ́n gbàgbé pé ọba yìí kan náà ni ó bá Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò gbìmọ̀ pọ̀ tí agbára Gáà fi wó ní ọdún 1774.

Ní Ẹ̀gbá, ìṣòro mìíràn tún wà. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kan ní eré yìí ní Abẹ́òkúta, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí Ọ̀yọ́ ni àwọn baba wa ń sìn kí Líṣàbí tó gbà wá? Ṣé ọba wọn náà ni kí a máa bá sunkún?” N kò bá a wí, nítorí ìbéèrè rẹ̀ ní ìdí: ọdọọdún ni a ń ṣe àjọ̀dún Líṣàbí. Àwòrán David ni mo fi hàn wọ́n. Ọmọbìnrin kan wò ó títí, ó ní, “Ìyá yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà.” Láti ibẹ̀ ni kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá Àgbọ̀nyìn nínú eré. Ènìyàn lè kọ ìjọba Ọ̀yọ́ kí ó sì káàánú ọmọ tí wọ́n pa níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé kí ni àwòrán òyìnbó ń wá nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Òṣùwọ̀n lásán ni. A sì ti rí i pé ní ti orúkọ Àgbọ̀nyìn, eré Fálétí kún ju òṣùwọ̀n náà lọ.

Àbá wa sí ẹ̀yin olùdánwò kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè bí irú èyí kún ti àtẹ̀yìnwá: “Ṣàlàyé bí òǹkọ̀wé ṣe lo orúkọ Àgbọ̀nyìn láti fi ìbànújẹ́ inú ilé ọba hàn.” Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe Gáà ní ìkà, kí a fún un ní máàkì tirẹ̀. Ẹni tí ó bá lè tọ́ka sí ibi tí ìkà náà ti dun bàbá àti ìyá ọmọ, òun ni kí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù.