Ìbò ní Ìlú tí Kò Sí Lórí Ilẹ̀

Ajá ìwòyí ni í mọ ehoro ìwòyí í lé. Òwe yìí kò sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ọ́fíìsì mi ní Ọ̀jọ́, láti tọrọ ọjọ́ méjì sí i lórí iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ti fi sílẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ó dí i lọ́wọ́. Ó tẹríba, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ìbò ni mò ń dù.” Mo rò pé ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní rárá, ipò olórí ìlú ni, ní ìlú kan tí ó wà nínú eré orí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú bí mi. Ọmọ tí ó háyà yàrá kan ní Òkokomáíkò, tí ó ń fi owó oúnjẹ ra dátà, ni ó ń du oyè ní ìlú tí kò sí! Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi lítíréṣọ̀ jẹun kò lẹ́nu láti bú ìlú tí kò sí. Mo ní kí ó mú ìwé ìpolongo rẹ̀ wá, àti ti àwọn tí ó bá a díje. Ohun tí mo kà nínú wọn ni ó bí àròkọ yìí.

Achaea ni orúkọ eré náà. Ó ti wà láti ọdún 1997. Kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí akópa bá wọ inú igbó, gbólóhùn ni yóò sọ bí igbó náà ṣe rí fún un. Bí ó bá fẹ́ jà, ọ̀rọ̀ ni yóò tẹ̀. Oṣó wà níbẹ̀, jagunjagun wà níbẹ̀, àwọn òrìṣà sì wà níbẹ̀. Ìlú ńláńlá wà, bí i Ashtan, Cyrene àti Hashan, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbàgbọ́ rẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ àti àpò owó rẹ̀. Àwọn akópa fúnra wọn ni ó ń di ipò àṣẹ mú ní ìlú wọ̀nyí. Ẹni tí olórí ìlú kò bá tẹ́ lọ́rùn lè jáde bá a du ipò náà, kí àwọn ọmọ ìlú sì dìbò.

Ó yẹ kí èyí ya àwa tí a ń ka Fágúnwà lẹ́nu. Inú igbó iwin ni a ti mú ìtàn àròsọ wa jáde, a sì lè pe Achaea ní ìbátan Igbó Irúnmalẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Ògbójú Ọdẹ, tí ó jáde ní ọdún 1938, ọba ni ó rán Àkàrà-Ògún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ lọ sí Òkè Lángbòdó. Kò sí ẹni tí ó dìbò. Akọni ni wọ́n, nítorí náà wọ́n lọ. Nínú eré tuntun yìí, akọni gbọ́dọ̀ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣáájú. Ìyàtọ̀ yìí ni ó sọ ìwé ìpolongo di ẹ̀yà lítíréṣọ̀ tí ó yẹ fún àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìwé náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn fi kọ ọ́. Ti akẹ́kọ̀ọ́ mi gùn, ó sì dùn. Ó fi oríkì ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ogun tí ó jà, ọ̀tá tí ó lé, ọjọ́ tí ó ti ń jẹ́ ọmọ ìlú náà. Ẹni tí ó mọ ìjálá yóò gbọ́ ohùn ọdẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ohun tí ó fẹ́ ṣe, gbólóhùn kan péré ni ó kọ, pé òun yóò dá ògo ìlú padà. Ìwé ẹnì kejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò máa kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú? Wákàtí wo ni òun yóò máa wà lárọ̀ọ́wọ́tó? Bí òun bá sùn, ta ni yóò di àpò owó ìlú mú? Ó dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí ó ṣe nígbà tí ó wà nípò kékeré. Ẹni yìí ni ó wọlé. Bí a bá fi ojú lámèyítọ́ wò ó, ìwé tirẹ̀ náà ni ó dára jù, nítorí pé ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo pe olùborí náà ní “ó”. Èdè wa gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Eégún ni. Ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ lè jẹ́ ọmọ Òkokomáíkò tàbí òṣìṣẹ́ báńkì ní ìlú òyìnbó. A mọ irú èyí nílẹ̀ Yorùbá: eégún lè bá ìlú wí, kí ó sì sọ ohun tí ẹnu ọmọ aráyé kò gbọ́dọ̀ sọ, nítorí aṣọ tí ó wọ̀. Ṣùgbọ́n a kò fi eégún jẹ baálẹ̀ rí. Àwọn tí ó ni EVE Online, eré àwọn ọkọ̀ tí ń rìn láàárín ìràwọ̀, mọ ewu yìí. Nígbà tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ aṣojú àwọn akópa sílẹ̀ ní ọdún 2008, tí wọ́n ń pè ní Council of Stellar Management, wọ́n béèrè pé kí olùdíje fi orúkọ gidi rẹ̀ han ilé-iṣẹ́ náà. Kí ó tó joyè, kí ó ká aṣọ eégún sókè díẹ̀.

Ìbéèrè tí ó le jù ni ti ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ní ọdún 1990, Pavel Curtis dá ìlú ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ LambdaMOO sílẹ̀ ní ibi ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox ní Kalifóníà. Ní ìparí ọdún 1992, òun àti àwọn olùtọ́jú ìlú náà kéde pé àwọn kò ní dá sí aáwọ̀ mọ́, kí ará ìlú ṣe àkóso ara wọn. Ní ọdún 1993, akópa kan fipá lo àwọn ẹlòmíràn ní ìlòkulò nínú eré náà. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó láṣẹ láti jẹ ẹ́ níyà. Lẹ́yìn èyí ni Curtis gbé ètò ẹ̀bẹ̀ àti ìdìbò kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1996, àwọn olùtọ́jú ní àwọn tún gba àṣẹ padà. Àwa tí a dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, tí ìjọba ológun sì fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù náà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìtàn yìí fún wa. Ẹni tí ó ń fi ìbò tọrẹ lè gba ọrẹ rẹ̀ padà.

Ǹjẹ́ ará ìlú eré wá ní agbára kankan bí? Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ ọba, kí ó sì lọ sùn. Ìgbìmọ̀ EVE kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ̀ràn ni tiwọn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2011, inú bí àwọn akópa nítorí ọjà olówó gọbọi tí ilé-iṣẹ́ náà gbé wá. Wọ́n péjọ sí Jita, ibi tí ọjà wọn ti tóbi jù, wọ́n ń yìnbọn lu ọwọ̀n ìrántí ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ sì dá owó àsansílẹ̀ wọn dúró. Ilé-iṣẹ́ náà pe ìgbìmọ̀ sí Reykjavik, ní Iceland. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Hilmar Pétursson, tọrọ àforíjì ní gbangba. Owó tí wọ́n dá dúró ni igbá òfìfo tí wọ́n gbé fún un.

Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ mi bóyá ó ní káàdì ìdìbò. Ó ní òun forúkọ sílẹ̀ ní Ìbà, ṣùgbọ́n òun kò padà lọ gbà á. Mo fẹ́ bá a wí. Ó ní, “Sà, bí olórí wa nínú eré kò bá ṣe ohun tí ó sọ, alẹ́ òní ni mà á bi í. Níbí, ta ni mà á bi?” N kò tètè rí èsì fọ̀. Ní ọdún 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí ó dìbò yan ààrẹ kò pé mílíọ̀nù 25. Ní oṣù keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni a kéde pé ó gba ipò alága ní gbogbo káńsù 57 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń pa àwọn ọmọ wa. Wọ́n ń lọ síbi tí ìbéèrè wọn ti ń rí ìdáhùn.

Síbẹ̀, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ìlú eré bá sú lè pa kọ̀ǹpútà kí ó sùn. Ẹni tí títì Ìyànà Ìbà sí Òkokomáíkò bá sú yóò tún wọkọ̀ gba ibẹ̀ ní àárọ̀ ọ̀la. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina ní ọdún 2023, Máìlì 2 ni ó ti ń padà. Ta ni ó yẹ kí a bi nípa ìyẹn? Ìdìbò inú eré kọ́ ọmọ yìí ní bí a ṣe ń béèrè. Kò kọ́ ọ ní ohun tí a ń ṣe nígbà tí a kò lè kúrò nílùú, tí ẹni tí a bi kò sì dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti rí àbùkù rẹ̀.

Mo fún un ní ọjọ́ méjì tí ó tọrọ, mo sì fi iṣẹ́ kan kún un: kí ó fi èdè Yorùbá kọ ìwé ìpolongo ẹni tí ó ń du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù tí ó ń gbé. Ó mú un wá ní ọjọ́ tí ó dá. Kò sí oríkì nínú rẹ̀. Ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ní ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀, àti níbo, ni ará àdúgbò lè rí káńsẹ́lọ̀ wọn lójúkojú? Mo fún un ní máàkì tí ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé èmi alára kò mọ ìdáhùn ìbéèrè náà, ní wọ́ọ̀dù tèmi.