Àbámọdá Inú Garawa Ọ̀dà

Àwọn tó ń kó kákítọ́ọ̀sì ẹlẹ́gùn-ún bí òòrẹ̀ jọ ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé bí òtútù ò bá mú un dáadáa nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, agbára káká ni yóò fi tanná. Ọyẹ́ Mọ́níyà, ní Akínyẹlé n'Íbàdàn, kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Òjò ibẹ̀ á sì mú kí gbòǹgbò kákítọ́ọ̀sì náà rà.

Ẹni tó fẹ́ràn ewéko tó ń fomi pamọ́ sára kò ní torí ìyẹn káwọ́ gbera. Àbámọdá ń bẹ, orúkọ rẹ̀ lásán ti tó àdúrà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín á já ewé kan tó gbó, á tẹ́ ẹ sórí iyẹ̀pẹ̀ nínú garawa ọ̀dà tí wọ́n ti dá ihò sí nídìí. Kò ní bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ á yọ létí ewé tó rí bí eyín ayùn: gbòǹgbò tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ewé méjì tí kò tó èékánná. Ìyá á máa rọ, àwọn ọmọ á máa mu omi ara rẹ̀. Omi àpọ̀jù máa ń bà á jẹ́.

Madagáskà ni wọ́n ti mú un wá, òru ló sì ń kà. Bí òru bá ti gùn sí i lásìkò ọyẹ́, òdòdó rẹ̀ á yọ, á dorí kodò bí agogo.

Lóru náà ló ń fa atẹ́gùn sára, tó ń fi ṣe èròjà kíkan pamọ́ sínú ewé di ojúmọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1813, Benjamin Heyne, tó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, jábọ̀ pé ewé yìí máa ń kan lẹ́nu láàárọ̀, tó bá sì di ọ̀sán, kò ní kan mọ́.