Ọ̀rọ̀ Kan, Àkọtọ́ Méjì: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Wá Ìwé

Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà wá ìwé nípa igi ọ̀pẹ ní ìgbèríko Adja-Ouèrè yóò tẹ ɔ̀kpɛ, ní ìbámu pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Benin, tí a gbé kalẹ̀ ní 1975, tí a sì tún ṣe ní 1990. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà lásán, kò ní í mú ìwé Nàìjíríà kankan wá, nítorí ọ̀pẹ ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Olùkọ́ yóò gbà pé kò sí ìwé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti parí.

Ọ̀nà tí ó ń bọ́ gbogbo àmì kúrò tilẹ̀ burú jù. Ó da ọ̀pẹ pọ̀ mọ́ ọpẹ́, àti mọ́ òpè pàápàá. Síbẹ̀ kò so kp mọ́ p.

Karen Spärck Jones fi hàn ní 1972 pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ìwé ní ìwọ̀n ju èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí a kà sí méjì yóò dàbí ẹni pé ó ṣọ̀wọ́n ju bí ó ti rí lọ.

Kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ɔ sí ọ, ɛ sí ẹ, kp sí p, sh sí ṣ. Àmì ohùn kò gbọdọ̀ lé ìwé kankan jáde. Títò ni kí ó máa tò wọ́n, kí ìwé tí kò lámì tẹ̀lé èyí tí àmì rẹ̀ bá ti olùwá mu.